Ta Ni Ó Tẹ̀ Ẹ́? Àgbéyẹ̀wò Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ń Ṣọ́ Fèrèsé Àyọjú Tí Ó sì Ń Báni Tẹ Bọ́tìnnì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí fi ojú lámèyítọ́ wo irú ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn láti máa kọ: ètò tí ó máa ń ṣọ́ ojú kọ̀ǹpútà, tí fèrèsé kékeré bá sì yọjú lójijì, tí yóò tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn ni ó wà lórí máòsì. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìbéèrè ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fèrèsé àyọjú, ìdáhùn sì ni títẹ bọ́tìnnì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ irú ètò yìí ti yan ẹni tí yóò máa dáhùn fún un, yálà ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀. A yẹ ọ̀nà mẹ́ta tí ètò náà fi ń dá fèrèsé mọ̀ wò, a tọ́ka sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ inú fèrèsé bá jẹ́ Yorùbá tàbí Ìgbò. A parí iṣẹ́ sí pé kíka ìbéèrè ní àkàyé kí a tó dáhùn jẹ́ iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè, a kò sì gbọdọ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan.

Ìfáàrà

Ní sáà kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, iṣẹ́ gbígbé máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sórí pọ́tà bọ́ sí wa lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì kan tí a wà nígbà náà. Tí a bá ti fi máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan pamọ́, fèrèsé kékeré kan yóò yọjú. Orúkọ tí ó wà lókè rẹ̀ ni "Message". Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni pé máàkì ti wọlé. Bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, "OK". A ní láti tẹ̀ ẹ́ kí a tó lè kan orúkọ mìíràn. Nígbà tí ọwọ́ ń ro wá, tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ, ọmọ wa kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ní kí a jẹ́ kí òun bá wa dín ìyà náà kù. Ó kọ ètò kékeré kan tí kò ju ìlà mélòó kan lọ. Ó kọ́ ọ pé kí ó máa gbé máàkì láti inú fáìlì wa lọ sórí pọ́tà, àti pé nígbàkúùgbà tí fèrèsé tí ń jẹ́ "Message" bá yọjú, kí ó tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́. A yìn ín, a sì lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ọkàn ìdùnnú.

Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé fèrèsé mìíràn wà tí ó tún ń jẹ́ "Message". Ìyẹn máa ń yọjú nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ní máàkì tẹ́lẹ̀ nínú iṣẹ́ kan náà. Ohun tí ó ń béèrè ni pé ṣé kí òun fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ rẹ̀ ni "Yes". Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú fáìlì wa tí àyè máàkì wọn ṣófo nítorí pé wọ́n ti yege iṣẹ́ náà ní sáà tí ó ṣáájú. Ètò wa dáhùn "Yes" fún gbogbo wọn. Òdo rọ́pò iṣẹ́ tí ènìyàn fi òógùn ojú ṣe.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, obìnrin kan tí ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìyá ọlọ́mọ méjì, mú ìwé èsì rẹ̀ wá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́ olùkọ́ ti dá a padà nítorí òdo kan ṣoṣo náà. Ó dọ̀bálẹ̀ ọ̀rọ̀ fún wa, ó ní: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ta ni ó tẹ̀ ẹ́?" Akọ̀wé ní òun kọ́. Ọmọ wa ní òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Àwa náà ti lọ sílé. A tún máàkì náà ṣe, ṣùgbọ́n ààyè iṣẹ́ yẹn kò dúró dè é. Ìbéèrè rẹ̀ ni a gbé wá sí Onitsha yìí, nítorí pé títí di òní, a kò rí ìdáhùn tí ó tó fún un.

Fèrèsé àyọjú gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kíkọ

Àwa lámèyítọ́ ti mọ́ ọn lára láti máa yẹ ewì, ìtàn àròsọ àti eré-oníṣe wò. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè ohun tí ó kàn wá pẹ̀lú fèrèsé orí kọ̀ǹpútà. Èsì wa ni pé ọ̀rọ̀ kíkọ ni. Ó ní orí ọ̀rọ̀, ó ní ara ọ̀rọ̀, ó sì ní ibi tí òǹkàwé yóò ti fèsì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ìtàn àròsọ ni pé, bí a bá ṣi ìtàn kà, a lè tún un kà. Bí a bá ṣi fèrèsé kà tí a sì tẹ̀ ẹ́, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà tí a gbà dé ibi yìí kò gùn púpọ̀. Ní 1964 ni Bill English ṣe máòsì àkọ́kọ́ láti inú èrò Douglas Engelbart ní Stanford Research Institute ní ìpínlẹ̀ California. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, 1968, Engelbart fi í han àwùjọ ní San Francisco. Láti ìgbà yẹn ni ìka ọwọ́ ti di ẹnu tí ènìyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbòòrò, Ethan Zuckerman tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Tripod kọ ètò tí ó ń mú kí ìpolówó ọjà yọjú nínú fèrèsé tirẹ̀. Ní 2014, ó tọrọ àforíjì ní gbangba fún ohun tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde. Zuckerman kì í ṣe àjèjì sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: ó wà lára àwọn tí ó dá Geekcorps sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ rán àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lọ ṣe ìrànlọ́wọ́ ní Ghana.

Nígbà tí fèrèsé wá pọ̀ jù, ojú àwọn ènìyàn kú sí i. Ẹni tí fèrèsé ogún bá yọ lẹ́nu lójúmọ́ kì í kà wọ́n mọ́. Ohun tí a ń wá ni ibi tí "OK" wà. A jẹ́ pé kí a tó kọ ètò tí ń tẹ bọ́tìnnì láìka ọ̀rọ̀, àwa fúnra wa ti di irú ètò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àríwísí wa ti bẹ̀rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tí ó bá wa kọ ètò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe sọ́fítíwíà ló ń kọ fèrèsé bí ẹni ń sá fún òjò. Wọ́n á béèrè pé ṣé ó dá ọ lójú, láìsọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Wọ́n á béèrè pé ṣé o fẹ́ fagi lé e, wọn á wá fi "OK" àti "Cancel" síwájú ẹni, tí ènìyàn kò ní mọ èyí tí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni nínú méjèèjì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú àròkọ, a ó fi pupa fa ìlà sí i nídìí.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ètò atẹ̀fúnni fi ń dá fèrèsé mọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó máa pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní atẹ̀fúnni. Àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ọ́ kò wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. AutoIt jáde ní 1999, AutoHotkey tẹ̀lé e ní 2003. Iṣẹ́ gbogbo wọn pín sí méjì: rírí fèrèsé, àti títẹ bọ́tìnnì. Apá kejì rọrùn. Windows fúnra rẹ̀ ní àṣẹ tí ètò kan lè fi sọ pé a ti tẹ máòsì ní ibi báyìí, kọ̀ǹpútà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Apá àkọ́kọ́ ni wàhálà wà.

Ọ̀nà kìíní ni kí ètò wo orúkọ tí ó wà lókè fèrèsé. Yóò máa béèrè lọ́wọ́ Windows léraléra pé àwọn fèrèsé wo ni ó ṣí, tí ó bá rí èyí tí orúkọ rẹ̀ bá ti ọwọ́ rẹ̀ mu, ó di títẹ̀. Ọ̀nà yìí yára, kì í sì í jẹ agbára kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi orúkọ nìkan mọ ènìyàn, bí Táíwò méjì bá wà ní àdúgbò, yóò gbé owó ọ̀kan fún èkejì. Ohun tí ó ṣe wá nìyẹn pẹ̀lú fèrèsé méjì tí ń jẹ́ "Message".

Ọ̀nà kejì ni kí ètò fi ojú wá àwòrán bọ́tìnnì náà. Sikuli, tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà ní 2009, ni a fi mọ ọ̀nà yìí jù. Èdè Huichol ti Mexico ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ojú Ọlọ́run. Ènìyàn á ya àwòrán bọ́tìnnì, ètò á sì máa wá ohun tí ó jọ ọ́ lójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ náà ga ju iṣẹ́ lọ. Ojú tí ó ń wo àwọ̀ àti ìrísí nìkan kò rí inú. Bọ́tìnnì "Yes" tí ó ń pa fáìlì rẹ́ àti bọ́tìnnì "Yes" tí ó ń fi fáìlì pamọ́ jọ ara wọn bí ìbejì. Bí wọ́n bá sì yí àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà padà, tàbí tí wọ́n sọ lẹ́tà di ńlá nítorí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ojú Ọlọ́run yẹn á fọ́.

Ọ̀nà kẹta ni kí ètò béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ohun tí ó wà nínú fèrèsé: gbólóhùn rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ àti orúkọ tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Àwọn afọ́jú àti àwọn tí ọwọ́ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa ni ọ̀nà yìí ń ṣe láǹfààní jù, kí kọ̀ǹpútà lè máa ka ara rẹ̀ sókè fún wọn, kí wọ́n sì lè máa darí rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni a fara mọ́, nítorí pé òun nìkan ni ó lè mú ọ̀rọ̀ inú fèrèsé jáde kí a tó dáhùn. Síbẹ̀, àǹfààní láti kà kì í ṣe kíkà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń lo ọ̀nà yìí ló ń wá ọ̀rọ̀ "OK" nìkan, tí wọ́n sì ń fo ìbéèrè tí ó wà lórí rẹ̀.

Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ tí a rán lọ ra iyọ̀, tí ó bá ilé ìyá oníyọ̀ tí iná ń jó níbẹ̀, kò ní dúró kí ó máa na owó sí iná. Yóò padà wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Atẹ̀fúnni kò lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ kò bá ti fi ọgbọ́n ọmọ sínú rẹ̀ ṣáájú, iṣẹ́ ẹrú ni yóò jẹ́ dé òpin.

Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀

Ọ̀rọ̀ ti èdè wa wá dé. Onitsha tí a pé jọ sí yìí ní ìtàn kan pẹ̀lú àwọn Yorùbá tí ó kọ̀wé. Ní 1857, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, gba orí Odò Ọya dé ìlú yìí, ó sì fi Àlùfáà J. C. Taylor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ CMS. Ọdún náà gan-an ni ìwé Crowther fún kíkọ́ èdè Ìgbò, Isoama-Ibo Primer, jáde. Láti ìgbà náà títí di àkọtọ́ Ìgbò tí ìgbìmọ̀ Ọnwụ fọwọ́ sí ní 1961, àti àkọtọ́ Yorùbá tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, àmì kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà ni ó so àkọtọ́ èdè méjèèjì pọ̀. Ọ̀ wà nínú tiwa, ọ̀ wà nínú tiwọn.

Àmì yìí ni ó ń da atẹ̀fúnni láàmú. Nínú ìlànà Unicode tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ń lò, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD. Ṣùgbọ́n ènìyàn tún lè tẹ o lásán kí ó sì fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, lé e. Nígbà tí a bá wá fi àmì ohùn òkè kún un láti kọ "Fi pamọ́", ọ̀nà ìkọsílẹ̀ á di mẹ́ta: ọ pẹ̀lú àmì ohùn, o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn, tàbí ó pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ètò tí kò gbọ́n, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹni tí ó ṣe fèrèsé bá kọ ọ́ lọ́nà kan, tí ẹni tí ó kọ atẹ̀fúnni sì kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, ètò náà yóò jókòó síwájú fèrèsé tí ń wò ó lójú, yóò sì máa sọ pé òun kò rí i. Bákan náà ni yóò rí fún ị àti ụ nínú Ìgbò.

Oògùn rẹ̀ wà. Unicode ní ìlànà tí a fi ń sọ gbogbo ọ̀nà ìkọsílẹ̀ wọ̀nyí di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. NFC ni wọ́n ń pè é. Ìlà kan péré ni nínú ọ̀pọ̀ èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò ní mọ̀ pé ìṣòro náà wà. Yóò wá sọ pé èdè wa ni kò bá kọ̀ǹpútà mu, yóò sì yọ àmì kúrò. Microsoft ti gbé ojú Windows 7 jáde ní Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá. Fèrèsé tí ń sọ èdè wa kì í ṣe àlá mọ́. Ètò tí yóò kà á ni kò tíì pọ̀ tó.

Nígbà tí bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe "Yes"

Ìṣòro kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju àmì lọ. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá léèrè pé, "Ṣé o kò tíì jẹun?", tí kò sì tíì jẹun, yóò dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì jẹun." Bí a bá bi ọmọ Ìgbò pé, "I ribeghi nri?", yóò ní, "Ee, eribeghi m." Ohun tí olùbéèrè sọ ni àwa méjèèjì ń fara mọ́. Elédè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú rẹ̀ yóò dáhùn "No" sí ìbéèrè kan náà. Ìdí nìyí tí "Yes" wa nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà fi máa ń ya àjèjì lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí wá sínú fèrèsé. Ká ní olùtúmọ̀ kan kọ ọ́ pé, "Ṣé o kò fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ pamọ́?" Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ ni "Bẹ́ẹ̀ ni". Olùkọ́ ní Ondo yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni túmọ̀ sí pé òun kò fẹ́. Sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ pẹ̀lú ọgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì lè gbà pé bẹ́ẹ̀ ni túmọ̀ sí pé ó fẹ́. Atẹ̀fúnni kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé àríyànjiyàn wà. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún gbogbo ẹni tí ń túmọ̀ fèrèsé sí èdè Yorùbá tàbí Ìgbò ni pé kí wọ́n yẹra fún ìbéèrè tí ó ní àyísódì, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe sórí bọ́tìnnì: "Fi pamọ́", "Pa á rẹ́", "Padà". Bọ́tìnnì tí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ṣi ènìyàn lọ́nà, ètò pẹ̀lú á rí nǹkan gidi dì mú.

Nígbà tí ọwọ́ tí a kò rí bá dáhùn fún wa

Ohun tí ó ṣe ọ́fíìsì wa jẹ́ àṣìṣe. Àwọn mìíràn ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ní oṣù Kẹjọ 2020, ilé-iṣẹ́ Upstream gbé ìròyìn jáde lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, Tecno W2. Wọ́n rí ètò burúkú tí ń jẹ́ Triada àti xHelper lára àwọn fóònù náà, tí ń forúkọ onífóònù sílẹ̀ fún iṣẹ́ olówó láìjẹ́ pé onífóònù fọwọ́ sí i. Ghana àti Cameroon wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti ṣẹlẹ̀ jù. Láti oṣù Kẹta 2019, wọ́n ka irú ìforúkọsílẹ̀ tí ó fu wọ́n lára tó mílíọ̀nù 19.2, láti orí fóònù tí ó lé ní 200,000. Àwọn tí ó ni Tecno ní alágbàṣe kan tí ó wà láàárín ni ó fi ètò náà sínú fóònù, kì í ṣe àwọn. Ẹnikẹ́ni tí ó wù kó jẹ́, ẹni tí kò ní owó ra fóònù ńlá ni ó san án, díẹ̀díẹ̀, nínú káàdì rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè wa, àjọ NCC ti fún wa ní nọ́ńbà 2442 láti 2016. Ẹni tí ó bá fi STOP ránṣẹ́ sí i yóò bọ́ lọ́wọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Ó dára, ṣùgbọ́n ó dúró lórí pé kí onífóònù mọ̀ pé ẹnì kan ti dáhùn fún òun.

Àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà náà kò káwọ́ gbera. Láti ìgbà Windows Vista ni Microsoft ti ṣe òfin pé ètò tí ipò rẹ̀ kéré kò lè tẹ bọ́tìnnì nínú fèrèsé tí ipò rẹ̀ ga, bí ìránṣẹ́ kò ti lè wọ ìyẹ̀wù ọba kí ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Nígbà tí Windows bá fẹ́ béèrè ìbéèrè tí ó wúwo, ojú kọ̀ǹpútà á ṣú díẹ̀, kí ètò mìíràn má lè dé ibẹ̀. Láti 2014 ni Google pẹ̀lú ti ń ní kí ènìyàn fọwọ́ sí i pé òun kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Gbogbo odi wọ̀nyí ń sọ ohun kan náà tí ìyá ọlọ́mọ méjì sọ: ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó dáhùn.

Àpẹẹrẹ rere kan, àti ohun tí ó kàn wá

A kò sọ pé kí a dáná sun irinṣẹ́ yìí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ ń fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Àwọn tí ń dán sọ́fítíwíà wò kò lè fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì ẹgbẹ̀rún lóru kan. Ohun tí a ń tako ni títẹ̀ láìkà.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí. JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013. Nígbà tí ó hàn pé àwọn ọmọ kan kò tíì di máòsì mú rí, ìgbìmọ̀ náà ṣe é kí ènìyàn lè fi lẹ́tà mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò: A, B, C, D láti yan ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti padà sẹ́nu iṣẹ́. R yẹn ni a ń yìn. Ọmọ tí ó bá tẹ S nítorí ìbẹ̀rù ṣì ní ọ̀nà àbọ̀. Wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ rọrùn láìgba ìdáhùn kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Ibẹ̀ ni ààlà tí ó yẹ kí gbogbo ètò irú èyí dúró sí.

Nítorí náà, a ń rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ olùkọ́ pé kí wọ́n fi òfin mẹ́rin kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE tí ń ṣe kọ̀ǹpútà. Àkọ́kọ́, kí ètò ka gbólóhùn inú fèrèsé, kí ó má wo orúkọ tàbí àwòrán nìkan. Èkejì, kí ó ní àkójọ àwọn gbólóhùn tí ó mọ̀. Èyí tí kò bá sí nínú àkójọ náà, kí ó dúró, kí ó pe ènìyàn. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀kẹta, kí ó máa kọ ohun gbogbo tí ó bá tẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí àti ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú fèrèsé náà, kí ó lè ṣeé ṣe láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ìbéèrè tí ó bá ní í ṣe pẹ̀lú pípa nǹkan rẹ́, fífi nǹkan rọ́pò, tàbí owó, kí ó máa jẹ́ ti ènìyàn nígbà gbogbo.

Òfin mẹ́rin yìí kò nílò kọ̀ǹpútà kí a tó kọ́ wọn. Nínú kíláásì èdè, olùkọ́ lè kọ fèrèsé mẹ́wàá sójú pátákó, ní Yorùbá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó ní kí àwọn ọmọ sọ èyí tí ó jẹ́ ìròyìn lásán àti èyí tí ó jẹ́ ìbéèrè. Kí wọ́n sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tún èyí tí kò yé ni kọ. Iṣẹ́ àkàyé ni, iṣẹ́ àròkọ ni, iṣẹ́ ìtumọ̀ sì ni. Kò sí èyí tí ó jẹ́ tuntun sí wa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé fèrèsé àyọjú jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ tí ó ń béèrè ìdáhùn, àti pé ètò tí ó ń rí i láìkà á jẹ́ ìránṣẹ́ tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ohun tí wọ́n bá bi í. A rí i pé orúkọ nìkan kò tó láti fi dá fèrèsé mọ̀, àwòrán kò sì tó. A rí i pé èdè wa, pẹ̀lú àmì rẹ̀ àti ọ̀nà tí a gbà ń dáhùn àyísódì, ń béèrè ìtọ́jú tí àpẹẹrẹ Gẹ̀ẹ́sì kò lè kọ́ni.

Ìyá ọlọ́mọ méjì náà ti rí iṣẹ́ mìíràn, a dúpẹ́. Nígbà tí a tún padà sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yẹn ní sáà tí ó tẹ̀lé e, ọmọ wa tún ètò rẹ̀ kọ. Nísinsìnyí, bí ó bá rí gbólóhùn tí kò mọ̀, ó máa ń dúró, á sì han gooro kan. Ó máa ń han nígbà mìíràn tí a bá ti ń múra àtilọ sílé. A máa ń kùn, a sì máa ń jókòó padà, a ó kà á, ẹnì kan nínú wa á sì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè lọ́la pé ta ni ó tẹ̀ ẹ́, orúkọ ẹni náà wà níbẹ̀.